Bí ẹ ṣe lè kó ẹrù yín kúrò lọ́dọ̀ Google àti Meta láìpàdánù ohunkóhun

Ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ṣí àkáǹtì Google tó wà lórí fóònù wọn fúnra wọn. Ẹni tó ta fóònù náà ló bá wọn ṣí i ní ìsọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó wù ú sí i, nígbà míì ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Bí ọdún bíi mẹ́rin bá kọjá, alert báńkì, pọ́tà ilé ìwé ọmọ, àwòrán ìkómọ, nọ́ńbà gbogbo oníbàárà, títí kan gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ẹni náà tẹ̀ láàárín Alágbàká àti Ọjà Ọba, gbogbo rẹ̀ á ti wà lábẹ́ àkáǹtì yẹn. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, yàrá mẹ́wàá.

Owó ìpolówó ni Google àti Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, fi ń jẹun. Bí wọ́n bá ṣe mọ̀ wá tó ni owó wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta lórí bí ó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìtanràn dára, ṣùgbọ́n kò kó àwòrán ọmọ yín padà wálé. Ẹ̀yin lẹ máa kó o.

Bí ẹni tó ń kó kúrò nílé onílé ni kí ẹ ṣe é. Ẹ wá yàrá tuntun, ẹ kó ẹrù débẹ̀, ẹ jẹ́ kí ará àdúgbò mọ ibi tí ẹ wà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Àwọn tó kọ́kọ́ pa àkáǹtì rẹ́ nínú ìbínú ló máa ń sunkún níkẹyìn. Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta fún iṣẹ́ náà, àti ọdún kan gbáko kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn àtijọ́ pa.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀: ta ló ni àkáǹtì yìí?

Ẹ lọ sí Settings, Google, Manage your Google Account, lẹ́yìn náà Security. Ẹ wo Recovery phone àti Recovery email. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, tàbí ti síìmù tí ẹ ti sọ nù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tiyín sí i. Síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á ni kóòdù ìdánilójú yín yóò máa dé bá. Ní ojúewé kan náà, ẹ tẹ Your devices, kí ẹ yọ gbogbo fóònù tí kì í ṣe tiyín kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, kí ẹ sì gba Backup codes: nọ́ńbà mẹ́wàá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ mẹ́jọ. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Bí wọ́n bá yọ fóònù lápò yín ní Ọjà Ọba, ìwé yẹn ló máa gbà yín.

Ẹ dí ihò tó ń jò

Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Kò sí èrè nínú kíkó ẹrù jáde bí tuntun bá ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Iṣẹ́ bí ìdajì wákàtí ni abala yìí, kò sì ní kí ẹ fi ohunkóhun sílẹ̀.

Ẹ ṣí myactivity.google.com. Ẹ óò rí Web & App Activity, Timeline àti YouTube History. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yan Turn off and delete activity, kí ohun tó ti kó jọ pẹ̀lú lè lọ. Bí ẹ bá fẹ́ràn kí YouTube máa rántí ohun tí ẹ wò, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ yan Auto-delete sí oṣù mẹ́ta.

Ẹ padà sí Settings, Google, Ads, kí ẹ tẹ Delete advertising ID. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo áàpù fi ń dá yín mọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ lè má rí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ lórí fóònù tí kò tíì dé Android 12. Reset ni ẹ óò rí, ẹ tẹ ìyẹn.

Permission manager ló kàn, ibi tí ẹ ti ń rí ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan láyè láti wò. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n fi í sí, nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí àpótí ìwádìí inú Settings. Ẹ wo Contacts, SMS, Location àti Microphone. Áàpù iná tọ́ọ̀ṣì kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìwé nọ́ńbà yín. Áàpù ẹ̀yáwó orí fóònù ló burú jù nínú gbogbo wọn: nọ́ńbà tí ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ni àwọn kan ń lò láti fi dójú ti ẹni tó jẹ gbèsè lọ́dọ̀ àna àti pásítọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti san owó tán, ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́ láti inú áàpù kí ẹ tó yọ áàpù kúrò. Yíyọ áàpù nìkan kò pa ohun tó wà lórí sáfà wọn rẹ́.

Truecaller, áàpù tó ń fi orúkọ ẹni tó ń pe yín hàn, náà ń kọ́? Ẹ lè má lò ó, kí orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ló fi ìwé nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá ní àkáǹtì, ẹ pa á rẹ́ nínú Settings rẹ̀, kí ẹ wá lọ sí ojúewé unlisting lórí truecaller.com láti yọ nọ́ńbà yín.

Ẹ gba ẹ̀dà ẹrù yín

Ibi ìkẹ́rùjáde Google ni takeout.google.com. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ ni Deselect all, torí bí ẹ bá fi gbogbo àmì sílẹ̀, ẹ óò gba àpò ńlá tó kún fún pàǹtírí. Ẹ wá fàmì sí Contacts, Mail, Drive, Calendar àti Google Photos. Ẹ tẹ Next step, ẹ yan Export once àti .zip. Níbi ìwọ̀n fáìlì, 2GB ló máa ń wà níbẹ̀; ẹ yí i sí 1GB. Ìdí rẹ̀ rèé: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tàbí iná bá lọ nígbà tó ku díẹ̀ kí fáìlì ńlá wọlé tán, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo, dátà tó sì ti lọ ti lọ nìyẹn. Fáìlì kékeré kì í dunni tó bẹ́ẹ̀.

Google á fi líńkì ránṣẹ́ sí Gmail yín, ó lè gba wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì. Bí ọjọ́ méje ni líńkì náà ń lò kó tó kú, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni wọ́n sì máa jẹ́ kí ẹ gba fáìlì kan. Nítorí náà, ẹ má béèrè títí ẹ ó fi ní Wi-Fi tàbí dátà òru tó tó. Àkáǹtì tó kún dé 15GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nílò dátà tó ju 15GB lọ díẹ̀.

Ẹ kó o sórí fláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹbí tí ẹ fọkàn tán ní Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀. Fláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju 4GB lọ. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é (format) ní exFAT kí ẹ tó kó nǹkan sí i, torí iṣẹ́ yẹn á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ nù. Ẹ tú zip kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbà pé ó pé.

Ohun méjì ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àkọ́kọ́, àwòrán á jáde pẹ̀lú fáìlì kéékèèké tó ní .json lẹ́yìn; inú wọn ni ọjọ́ àti ibi tí a ti ya àwòrán wà, ẹ má dà wọ́n nù. Ìkejì, ímeèlì á jáde ní .mbox, fóònù kò sì lè ṣí i. Thunderbird lórí kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i, pẹ̀lú àfikún tí wọ́n ń pè ní ImportExportTools NG. Àwọn nọ́ńbà ló rọrùn jù: fáìlì .vcf ni wọ́n, fóònù gbogbo ló sì ń kà á.

Ímeèlì tuntun ni yàrá tuntun

Méjì la lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí lọ́fẹ̀ẹ́. Proton Mail wà ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Tuta sì wà ní Jámánì. Àwọn méjèèjì máa ń di lẹ́tà inú àpótí yín pa débi pé àwọn fúnra wọn kò lè kà á. Àyè tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò ju 1GB lọ, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti kó lẹ́tà ọdún mẹ́wàá wọ̀ ọ́. Inú fláàṣì ni kí ìyẹn wà.

Ìdìpa yìí ní ìdíyelé kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó wọlé. Nígbà tí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail, Google lè ṣí ilẹ̀kùn fún yín torí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Proton kò ní i. Ọ̀rọ̀ méjìlá ló ń fún yín gẹ́gẹ́ bí recovery phrase. Bí ẹ bá sọ ọ́ nù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ lè rí àkáǹtì gbà padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà àtijọ́ kò ní ṣeé kà mọ́. Tuta tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láìsí recovery code rẹ̀, ó parí. Ẹ fi bíírò kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ya àwòrán rẹ̀, torí Google Photos ni àwòrán náà máa gbà lọ. Ẹ tún rántí pé Tuta máa ń pa àkáǹtì ọ̀fẹ́ tí a kò ṣí fún oṣù mẹ́fà rẹ́, kí ẹ máa yọjú síbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí Gmail máa darí lẹ́tà tuntun síbi tí ẹ kó lọ. Áàpù Gmail kò ní ibẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni, tàbí kí ẹ ṣí Gmail nínú bùráúsà fóònù kí ẹ sì yan Desktop site. Ẹ lọ sí Settings, See all settings, Forwarding and POP/IMAP, Add a forwarding address. Kóòdù á dé sí àpótí tuntun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ fi àmì sí Forward a copy, kí ẹ sì tẹ Save Changes nísàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni Save Changes yẹn.

Ìdarí yìí kò ju afárá lọ, torí ọwọ́ Google ni lẹ́tà náà ṣì ń gbà kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àdírẹ́sì padà níbi kọ̀ọ̀kan. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Báńkì míì á ní kí ẹ wá fúnra yín wá kọ fọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Lẹ́yìn báńkì, pọ́tà ilé ìwé, níbi tí ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra kó má yí i padà láàárín ìgbà ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà owó iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì àti ibi tí ẹ ti ń rajà. Ní gbogbo ibi tí ẹ ti ń tẹ Sign in with Google, ẹ ṣètò ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àkáǹtì Google bá lọ, ibẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi wọ̀nyí sínú ìwé, ẹ má sì fàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí lẹ́tà kan ó fi wá láti ibẹ̀ sí àpótí tuntun.

Ọ̀rọ̀ aṣínà

Bí Chrome bá ń bá yín pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, ẹ ṣì wà nínú ilé onílé. Bitwarden, áàpù tó ń bá ènìyàn pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ohunkóhun kúrò lórí fóònù rẹ̀ lè lo KeePassDX, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí fláàṣì. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Google Password Manager, Settings, Export passwords. Fáìlì CSV tó máa jáde kò ní ìdìpa kankan, ẹni tó bá rí i á kà á bí ìwé ìròyìn. Ẹ gbé e wọ Bitwarden lórí kọ̀ǹpútà ara yín, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì tú Trash pẹ̀lú. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí ní business centre, ẹ má sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp.

Fún ọ̀rọ̀ aṣínà ńlá tó ń ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ to ọ̀rọ̀ Yorùbá márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan, láìfi àmì ohùn sí i: bíi kí ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè sí ojúewé tó bá kàn yín kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹ má lo òwe tàbí oríkì. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni ìyẹn.

Bùráúsà, àti ọ̀nà tí dátà yín ń gbà

Ẹ gba Firefox, kí ẹ fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, kún un. Chrome orí fóònù kì í gba irú àfikún bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tí kò wọlé mọ́ kò jẹ dátà mọ́, ẹ óò sì rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ yí ìwádìí sí DuckDuckGo tàbí Startpage. Fún ọ̀rọ̀ tó bá kan Àkúrẹ́ gan-an, bíi ìsọ̀ tó ń ta irú páìpù kan, Google ṣì mọ̀ ju wọn lọ. Ẹ ṣí i nínú Private tab láìwọ àkáǹtì, kí ẹ sì jáde.

Ẹ kọ Private DNS sí àpótí ìwádìí inú Settings. Ẹ yan Private DNS provider hostname, kí ẹ tẹ dns.adguard-dns.com. Èyí ń dí ìpolówó àti atọpasẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ áàpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyọnu kan ló ní: Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé ìwé tó ní ojúewé ìwọlé lè kọ̀ láti ṣí. Ẹ pa á ná, ẹ wọlé, kí ẹ tún dá a padà. Ní ti VPN ọ̀fẹ́, ẹ yẹra fún un. Ẹni tó gbé e fún yín ló ń rí gbogbo ibi tí ẹ ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun níbì kan.

WhatsApp

Ibí yìí ló le jù, a kò sì ní tàn yín. Gúrúùpù àjọ, gúrúùpù ẹbí, ìjọ, oníbàárà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó ń tajà ní Ìsìnkàn kò lè sọ fún oníbàárà pé kó lọ gba áàpù mìíràn. Torí náà, ẹ ṣe WhatsApp ní ilé ìtajà, kí ẹ má jẹ́ kó jẹ́ yàrá yín.

Ọ̀rọ̀ inú WhatsApp wà nínú ìdìpa láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí Meta ń rí ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ìgbà tí ẹ bá a sọ ọ́, àti gúrúùpù tí ẹ wà. Ihò ńlá wà nínú backup: ẹ̀dà tó ń lọ sí Google Drive kò sí nínú ìdìpa yẹn àyàfi bí ẹ bá tan án. Settings, Chats, Chat backup, End-to-end encrypted backup. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, kí ẹ kọ ọ́ sínú Bitwarden, torí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ kò sí ẹni tó lè tú u. Ẹ tan Two-step verification pẹ̀lú, nọ́ńbà mẹ́fà ni. Ó wà fún àwọn tó ń pe ènìyàn pé "ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí yín": bí ẹ bá fún wọn ní kóòdù náà, nọ́ńbà kejì yìí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Fún ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ìlera, ọ̀rọ̀ owó, ẹ gba Signal. Àjọ tí kò wá èrè ló ni ín, ohun tó sì ń pa mọ́ nípa yín kéré gan-an. Nọ́ńbà fóònù lẹ fi ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ lè fi pamọ́: Settings, Privacy, Phone Number, Nobody, kí ẹ wá lo username. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn méjì péré, bíi ẹnì kejì yín àti ọmọ tó wà lókè òkun. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni dátà: dátà WhatsApp nìkan tí àwọn oníléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń tà lówó pọ́ọ́kú kò ṣiṣẹ́ fún Signal. Màmá tó ń ra irú dátà yẹn á rò pé Signal ti bàjẹ́. Ẹ bá a ra dátà gidi. Ẹ má sì fi Telegram rọ́pò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Gúrúùpù rẹ̀ kò ní ìdìpa yìí rárá, ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì náà kò sì ní in àyàfi bí ẹ bá ṣí Secret Chat.

Facebook

Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ lè dúró. Kó lọ sí Accounts Center, Your information and permissions, Your activity off Meta technologies, kó yan Disconnect future activity. Láti ibẹ̀ ni Facebook ti ń mọ ohun tí ẹ ṣe nínú áàpù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ pátápátá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Deactivate kì í ṣe Delete. Lẹ́yìn Delete, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi ń dúró, bí ẹ bá sì wọlé láàárín rẹ̀, ẹ lè dá ìparẹ́ náà dúró. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lọ́jọ́ kan náà kí ìka má baà ṣèèṣì.

Ìyókù

Organic Maps ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àwòrán ilẹ̀ apá ibí. Òpópónà ńlá wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kò sí, ẹ̀yin fúnra yín sì lè fi kún un. F-Droid ni ẹ ti lè rí áàpù tí kò ní ìpolówó. Áàpù báńkì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún Play Store, torí òmíràn kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lè di Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, mú láìsí ẹ̀rí-ọkàn tó ń dá a lẹ́bi. Kó wọ Privacy inú rẹ̀, kó pa Share usage statistics.

Yíyí gbogbo ètò fóònù padà kúrò lórí Android ti Google kò ṣeé gbà níyànjú fún ọ̀pọ̀ fóònù tó wà nígboro wa. GrapheneOS, ọ̀kan nínú irú ètò tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, kì í bá fóònù mìíràn ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí Pixel, Tecno àti Infinix kò sì sí níbẹ̀. Bùráúsà Phoenix tó bá fóònù wá, ẹ tẹ Disable fún un.

Bí ọdún kan bá pé, ẹ wo Gmail àtijọ́. Ẹ ka ẹni tó ṣì ń kọ̀wé síbẹ̀ láàárín ọdún kan tó kọjá, pàápàá àwọn tó ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí kò bá sí ẹni pàtàkì mọ́, ẹ lọ sí myaccount.google.com, Data & privacy, Delete a Google service, kí ẹ yan Gmail nìkan. Wọ́n á ní kí ẹ mú àdírẹ́sì mìíràn wá tí ẹ óò máa fi wọlé. Ẹ fi ti Proton tàbí Tuta yín sí i, kí ẹ tẹ líńkì tó bá dé síbẹ̀. Play Store á ṣì máa ṣiṣẹ́, Google kò sì ní fi àdírẹ́sì Gmail yín àtijọ́ fún ẹlòmíràn.